Orí Wáyà Tó Ti Dáhùn

Ẹni tó bá wá sí ìlú wa, Okaya, tó ní òun ò mọ Hatsue Yanagisawa, àlejò ni. Màmá ni gbogbo àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ Murakoshi ń pè é. Ọ̀gá wa Shuji pàápàá ò jẹ́ pè é lórúkọ, torí ẹ̀yìn Màmá ló ń sùn nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀gá.

Orí wáyà ni Màmá ń ṣe, èyí tó ń so wáyà ẹ́ríà, tó ń gba ohùn látinú afẹ́fẹ́, mọ́ inú rédíò. Kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Bí o bá sín, ó lọ nìyẹn. Màmá á fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọnú ihò rẹ̀ lára rédíò, á dẹtí, bó bá ti ró "páchì," á ní, "Ó ti dáhùn." Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ mọ́, torí ìgbàkígbà tá a bá yọ ọ́, ẹnu rẹ̀ á tún dẹ̀ díẹ̀ sí i.

Lọ́dún tí iṣẹ́ wọ́n, àwọn oníbàárà kan ń bọ̀ láti Osaka. Rédíò kékeré táwọn tó ń gun òkè máa ń so mọ́ àyà ni wọ́n ń ṣe, kí ìkejì rẹ̀ lè máa ké lọ́wọ́ àwọn tó ń wá wọn bí yìnyín bá ya bò wọ́n. Bí wọn ò bá gba orí wáyà tiwa, Shuji á ti ilé iṣẹ́ pa. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ nínú wa.

Láti àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dé, Shuji ò jókòó. Ó mú orí wáyà tó fẹ́ fi han àlejò, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, páchì, ó yọ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ kí ẹni tó gbé tíì wá gbọ́.

"Shuji, fi nǹkan yẹn sílẹ̀!" Màmá kígbe láti ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

"Màmá, mo kàn fẹ́ kó dá mi lójú ni."

"Ìyàwó ẹ ńkọ́? Ṣé àràárọ̀ lo máa ń lọ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ kó tó dá ẹ lójú?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Àwọn àlejò dé. Tokunaga, olórí wọn, gba orí wáyà náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ rédíò tó mú wá. Orí wáyà já bọ́ sínú tíì rẹ̀. Shuji tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan tábìlì. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é.

Màmá dìde. Ó mú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó jókòó ti àlejò láìtọrọ àyè, ó tẹ̀ ẹ́ sínú rédíò náà. Páchì.

"Ó ti dáhùn."

Tokunaga nawọ́, ó fẹ́ yọ ọ́ kóun náà fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ bo rédíò.

"Rárá o, ọ̀gá. Ohun tí ọmọ mi yìí fi gbogbo àárọ̀ ṣe nìyẹn, òun lẹ rí nínú tíì yín. Ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ ohùn kù fún ẹni tó bá wà lábẹ́ yìnyín."

Shuji di ojú. Èmi náà rò pé ó ti parí fún wa.

Tokunaga wo ọwọ́ Màmá. Ó fa tirẹ̀ padà, ó sì tan rédíò. Ní ìta, nínú mọ́tò wọn tí yìnyín ti bò, ìkejì rẹ̀ ké.

"Ó ti dáhùn," àlejò náà ló sọ ọ́.

Ilé iṣẹ́ wa ò tì. Wọ́n ní fífọ́nnu ò dáa. Èmi á fọ́nnu: bí rédíò wọn bá ké lórí òkè wa, tí wọ́n fi rí ẹnì kan hú jáde láàyè, Màmá wa ló fi ìka tẹ̀ ẹ́.