Dúdú Inú Dígí, Dúdú Ara Aṣọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú èèyàn ṣe ń le, kó lọ bá àwọn aláró dúdú ìlú Kyoto gbé. Ọmọ ibẹ̀ ni mí, mo sì lè sọ ọ́ níbikíbi. Aṣọ ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń rẹ, kìmónò, aṣọ ìbílẹ̀ wa tí à ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú. Wọ́n á kọ́kọ́ rì í sínú aró pupa tàbí aró búlúù kí dúdú tó kàn án, kí dúdú náà lè rí ohun gùn lé. Nínú gbogbo wọn, n ò rí ẹni tí inú rẹ̀ le tó ti Bàbá Kisaburo Okugawa. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Itsuko. Ọmọ náà kọ̀ láti jogún ìkòkò aró, ó kọjá òkè lọ sí ilé iṣẹ́ wa ní Mie, níbi tí a ti ń ṣe ojú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ.

Nílẹ̀ wa, òbí ló ń fún ọmọbìnrin ní aṣọ ọ̀fọ̀ nígbà tó bá ń lọ ilé ọkọ. Itsuko lọ ilé ọkọ, bàbá rẹ̀ tó ti rẹ aṣọ fún ìdajì ìlú kò rẹ tirẹ̀.

"Ẹni tó kọ dúdú sílẹ̀, kí ló tún fẹ́ fi dúdú ṣe?" Ohun tí wọ́n wí nìyẹn.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ńṣe ló lọ yá aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wà níbi ìsìnkú náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ẹbí rẹ̀, aṣọ tó yá rí bí omi kọfí. Àbúrò ìyá rẹ̀ kan wò ó, ó sì yára gbójú kúrò. Ojú tì mí fún un, inú sì bí mi sí bàbá náà. Wọ́n ní bí a bá fọwọ́ òsì na ọmọ, ká fọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra; ọwọ́ méjèèjì ni Bàbá Kisaburo fi na tiwọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí Itsuko kórìíra níbi iṣẹ́ bíi dúdú tí kò dú. Á pè mí wọ yàrá òkùnkùn tí a ti ń yẹ dígí wò.

"Ẹ̀gbọ́n Muraji, ẹ pe èyí ní dúdú?"

"Dúdú ni. Ta ló máa jókòó sínú òkùnkùn, táá máa wo tẹlifíṣọ̀n tí kò gbé àwòrán kankan?"

"Bàbá mi."

Òótọ́ ló sọ, dúdú wa kò dú. Dígí méjì la máa ń kọ ojú síra, omi kan á wà láàárín wọn. Iná tó wà lẹ́yìn wọn kì í kú. Omi náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún ìmọ́lẹ̀, òun náà ló ń tì í. Kí dígí méjèèjì má baà lẹ̀ mọ́ra, a máa ń wọ́n kóró róbótó tó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ sáàárín wọn. Ibi tó bá wu kóró ló ń bọ́ sí, àní sójú àwọn fèrèsé wíńníwínní tí àwòrán ń gbà yọ. Níbi tó bá jókòó sí, omi kò ní tò dáadáa mọ́, ìmọ́lẹ̀ á sì máa jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọdọọdún làwọn ẹbí òṣìṣẹ́ máa ń wá wo ilé iṣẹ́. Bàbá Kisaburo wá lẹ́ẹ̀kan, ó sì yà wá lẹ́nu. Itsuko fi dúdú wa hàn wọ́n. Wọn ò lò tó ìṣẹ́jú kan níwájú rẹ̀.

"Eérú ni. Wọ́n tún da iyanrìn sí i."

Itsuko sáré tẹ̀ lé wọn síta. "Bàbá, bó bá wá dú ńkọ́? Ṣé ẹ máa rẹ tèmi?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Bó bá dú, màá rẹ ẹ́."

Ojú wọn ti ń ṣú nígbà yẹn, dókítà sì ti sọ pé kò ní pẹ́ fọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé eré ìje ni.

Itsuko ní ká yé wọ́n kóró. Ó ní ká gbé àwọn òpó tíntìntín nàró sára dígí fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí gbogbo wọn sì wà lórí férémù dúdú tó pààlà àwọn fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò níṣẹ́ kankan.

"Ṣé o fẹ́ máa kọ́lé sórí dígí ni?" ọ̀gá wa, Hirabe, fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ilé tí kò ní jò."

Kò rọrùn. Bí òpó bá kúrú, dígí á tẹ̀. Bó bá sì le jù, ìfófòó á yọ nínú omi nígbà òtútù. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé iṣẹ́ aró ló kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ò mọ nǹkan kan nípa dígí. Orí ọmọ náà ló pé, ó sì lágídí bíi bàbá tó bí i.

Nígbà tó fi máa yọrí, ojú ọ̀tún bàbá ti funfun, ti òsì ń ṣe kùrukùru. Èmi ni mo fà wọ́n lọ́wọ́ wọ yàrá òkùnkùn. Itsuko tan dígí náà, ó sì fi dúdú kún un láti igun dé igun. A dúró.

"Ìgbà wo lẹ máa tàn án?" wọ́n bi wá.

Mo gbọ́ bí Itsuko ṣe mí kanlẹ̀. Ohun kan náà ló sọ sí wa lọ́kàn: ojú ti lọ tán, a ti pẹ́ jù.

"Ó ti tàn, Bàbá."

Bàbá sún mọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí. Wọ́n wá na ìka sí igun ìsàlẹ̀.

"Kí wá ni èyí tó ń tàn níbí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Itsuko náà ò rí i, àfìgbà tó fi awò sójú. Eruku ẹyọ kan ló há síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú bàbá ò tíì lọ; dúdú náà ló dú. Itsuko bú sẹ́kún bí ọmọdé.

"Ẹkún kọ́. Ẹ nù ún kúrò," ni bàbá wí. Wọ́n wá kọjú sí mi. "Muraji, mú mi lọ sílé. Mo níṣẹ́."

Itsuko gba ìsinmi. Bàbá ń fọwọ́ mọ bí aró ṣe gbóná tó, òun ń bá wọn wo àwọ̀. Pupa ni wọ́n fi sísàlẹ̀. Nígbà tí aṣọ náà gbẹ, bàbá ká a, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́.

"Má wọ̀ ọ́ lọ síbi òkú ẹnikẹ́ni o. Tèmi ni kí o kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lọ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí n má sọ ọ́ kẹ̀? Òkú ta ni mo wá rẹ ẹ́ fún?"

Kí òtútù ọdún náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, Itsuko ti wọ̀ ọ́.