Èèpo Ọsàn Lójú Ọ̀nà Gánà

Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń bó ọsàn nítòsí mi, àyà mi á kọ́kọ́ já ná. Ó tún ṣe mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí nílé wa ní Bódìjà, nígbà tí Bísọ́lá ọmọ ọmọ mi ń bó ọsàn, tó ń bi mí bóyá bàálù tàbí bọ́ọ̀sì ni èmi àti Táíwò, ìkejì mi, máa wọ̀ lọ sí Gánà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kò mọ̀ pé ìpinnu ńlá ni nígbà tiwa. Bọ́ọ̀sì kan wà tó ń la Kútọnu àti Lomé kọjá tààrà. Takísí sì wà, téèyàn á máa sọ̀ kalẹ̀ ní bodè kan, á wọ òmíràn. Bàbá wa ń ṣiṣẹ́ ní Gánà, a sì fẹ́ lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n ìyá bàbá wa ní èèwọ̀ kan: ìbejì kì í jọ wọ ọkọ̀ kan rìn jìnnà, kí ọ̀nà má baà gbé méjèèjì lọ. Ni Màmá bá mú Táíwò wọ bọ́ọ̀sì, èmi sì tẹ̀lé Bọ̀ọ̀dá Jídé, àbúrò bàbá wa, nínú takísí. Màmá bó ọsàn kan, wọ́n pín èèpo rẹ̀ fún àwa méjèèjì, ká máa gbóòórùn rẹ̀ kí èébì má baà gbé wa. Ibùdókọ̀ Lomé la fi àdéhùn sí.

Nínú takísí kan, ewúrẹ́ jókòó tì mí bí èrò tó sanwó. Síbẹ̀ àwa la kọ́kọ́ dé. Bọ́ọ̀sì kò sí níbẹ̀. Awakọ̀ kan tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ wá ní òun rí bọ́ọ̀sì ńlá kan tó dojú dé lẹ́bàá ọ̀nà. Èdè Faransé tí Bọ̀ọ̀dá Jídé gbọ́ kò kọjá ìkíni, kò sì sí fóònù nígbà náà. Èèpo ọsàn gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sunkún. Bí Táíwò ò bá dé, ta lèmi á máa jẹ́ Kẹ́hìndé fún?

Oòrùn ti ń wọ̀ kí takísí kan tó já wọn sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì tiwọn kàn bàjẹ́ ní bodè ni. Èyí tó dojú dé, òmíràn ni. Táíwò di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Jídé ní kí n bọ́ sínú ọkọ̀ tiwa, kílẹ̀ má ṣú. Màmá wò wá títí, wọ́n wá ní:

"Bọ̀ọ̀dá Jídé, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ wọ̀ ọ́. Bí ìyá yín bá bínú, èmi ni kí wọ́n bínú sí."

Lónìí, fóònù á fi ibi tí ọkọ̀ dé hàn yín, ẹ̀rù náà ò sì tíì tán lára mi. Mo sọ fún Bísọ́lá pé bàálù ni o, bọ́ọ̀sì ni o, èyí tó bá wù ú ni kó mú. Kí ìjókòó èmi àti Táíwò ṣáà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó bi mí nídìí rẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé èèpo ọsàn yẹn wá, kó pín in sí méjì.