Ohùn Tó Ń Ti Àyà Wá

Ìyá tó bí bàbá mi ló mú ìyá mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Àwọn ará ilé ti gbà pé etí tí ibà dí kò tún lè là mọ́, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò gbà. Ó ní òun kò lè máa fọwọ́ bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀ bí ẹni ń lé eṣinṣin. Wọ́n mú èmi náà dání nínú lọ́rì, torí pé ẹnu mi nìkan ni ìyá mi lè wò kó mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ní ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́n, wọ́n so àpótí irin kékeré kan mọ́ ọn láyà, wọ́n fa wáyà láti inú rẹ̀ bọ̀ ọ́ létí. Ìyá àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó." Ìyá mi bú sẹ́kún. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti gbọ́ ohùn náà gbẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a tó lọ. "Gbogbo ohùn, àyà ni ìyá rẹ yóò ti máa gbọ́ ọ. Wọn ò ní mọ ibi tí ẹni tó ń pè wọ́n wà. Lójoojúmọ́, kí o máa sá pamọ́, kí o pè wọ́n, kí wọ́n wá ọ rí. Díẹ̀díẹ̀, wọn á mọ̀ ọ́n."

Mo ní mo gbọ́, mà.

Nílé wa lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, ọjọ́ mẹ́rin péré la fi ṣe é. Mo máa ń dúró lẹ́yìn ìkòkò omi kí n pè é. Ìyá mi á máa yí po bí adìẹ tó fẹ́ yé, àwa méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ karùn-ún, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi ń fo okùn lójúde, mo sì lọ bá wọn. Ó sú mi ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá a ò ní ṣeré wa mọ́. Mo ní ó di ọ̀la.

Ta ni wọn kò kìlọ̀ fún ní kékeré pé bó bá gbọ́ ìpè, tí kò rí ẹni tó pè é, kó má dáhùn, pàápàá lọ́sàn-án gangan? Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló máa ń tẹnu mọ́ ọn fún wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sẹ́lòmíì nílé, ó yọ̀ ṣubú nídìí igi ọsàn lẹ́yìnkùlé. Ó pe ìyá mi, tó ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìyá mi gbọ́ "Ìyàwó" láti àyà ara rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnikẹ́ni, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Ohùn náà pè é títí tó fi dákẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun kò dáhùn.

Èmi ni mo bá ìyá àgbà níbẹ̀ nígbà tí mo ti ilé ìwé dé. Ó ṣì ń mí.

"Ṣé àpótí yẹn ti bàjẹ́ ni?" ó bi mí. "Mo pe ìyàwó mi títí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ti bàjẹ́."

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú. N kò sọ ti eré tí mo pa tì fún ẹnikẹ́ni, ojú rẹ̀ sì ń tì mí títí dòní.

Láti ìgbà tí ìyá mi ti mọ ẹni tó pè é lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kì í jẹ́ kí ìpè kankan kọjá. A ó jókòó, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, á ní, "Mò ń bọ̀ o, ìyá," á sì dìde. Mo pinnu pé ó yẹ kí n tún bẹ̀rẹ̀ ohun tí nọ́ọ̀sì ní kí n ṣe. Mo lọ dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án kan, mo pè é lẹ́ẹ̀kan. Kò yí po rárá. Tààrà ló ń bọ̀, inú mi sì dùn pé ó ti mọ̀ ọ́n.

Ìgbà tó kọjá lára mi ni mo rí i pé wáyà kò sí létí rẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ sídìí igi ọsàn.

"Mo dé, ìyá," ó ní. "Mo gbọ́ yín."