Bóòtù Tí A Lọ Wò Ní Ìjọra

Lẹ́yìn tí wọ́n dá ọkọ mi dúró ní rélùwéè, ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀. Kì í kúkú ṣe òun nìkan ni wọ́n dá dúró. Láyé ìgbà yẹn, tí ẹ bá la àdúgbò wa kọjá ní Èbúté Mẹ́ta láàárọ̀, ẹ óò rí àwọn ọkùnrin tó yẹ kó wà níbi iṣẹ́, tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń wo obìnrin tó ń gbálẹ̀ bí ẹni pé wọn ò rí ìgbálẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù ń ṣépè, wọ́n ń bá ara wọn jà, wọ́n ń ta ayò. Tèmi ò ṣe ọ̀kankan nínú gbogbo ẹ̀. Ó kàn jókòó sórí àga ni. Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á ní òun ti yó, ẹni tí kò tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. N kò ní fi bò: ẹ̀rù ń bà mí pé mo máa jí lọ́jọ́ kan, n ó bá a pé ó ti kú sórí àga yẹn, kò sì ní sí nǹkan kan tí èèyàn lè ní ó pa á.

Ìgbà tó yá, ó jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì pẹ́ kó tó dé. Bó ṣe wọlé, oúnjẹ ló kọ́kọ́ béèrè. Mo tún ẹ̀bà rò fún un nígbà tó jẹ èyí tí mo kọ́kọ́ gbé fún un tán. Ẹnu oúnjẹ yẹn ló ti sọ fún mi pé òun rí bóòtù kan ní Ìjọra, bóòtù onípákó tó ní ẹ́ńjìnì, pé bàbá tó ni ín ti dàgbà, ó fẹ́ tà á kó padà sílùú wọn létí òkun. Ó ní òun máa fi owó tí wọ́n kó lé òun lọ́wọ́ ní rélùwéè rà á, òun á máa fi kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Erékùṣù láàárọ̀, òun á máa kó wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ ya bóòtù náà sórí tábìlì. N kò bi í bóyá ó mọ omi í wẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n. Ìjẹ̀ṣà ni wá. Omi tó tóbi jù tí ọkọ mi mọ̀ nílé wọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń là á kọjá. Ṣùgbọ́n ó jẹun, ó sì ń sọ̀rọ̀, mo wá pa ẹnu mi mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Iṣẹ́ ọkọ mi ní rélùwéè ni pé kó máa fi òòlù kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin. Àwọn kan máa ń rò pé àwàdà ni mò ń ṣe tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni. Tí ọkọ̀ bá ti dúró, á mú òòlù rẹ̀, á máa kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa tẹ́tí. Irin tó dá ṣáká máa ń dún gooro. Èyí tó ti sán nínú, tí ojú ò lè rí, ohùn rẹ̀ á há bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Tó bá kan èyí tó dára, á ní, “Ó ń lọ,” á bọ́ sórí òmíràn. Ó ń lọ, ó ń lọ, títí dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bá a wọlé wa. Ọbẹ̀ tó dùn, ó ń lọ. Bàtà tó bá àwọn ìbejì wa lẹ́sẹ̀ mu, ó ń lọ. Kò sì lè ra ìkòkò lọ́jà láìkàn án. Àwọn tó ń ta ìkòkò máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé bó ṣe kan èmi náà lórí nìyẹn kó tó gbé mi níyàwó. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó kàn mí, mo sì dún dáadáa. Nígbà tó pẹ́ tí a ti jọ ń gbé, etí tèmi náà mọ iṣẹ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, ó kàn wọ̀ mí lára ni.

Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ wo bóòtù náà. Ẹnu yà mí, torí kò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi rí kó tó ra nǹkan tó tó bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn sí i. Mo ti ń fọkàn rò ó pé n ó wá àbùkù kan rí, ohunkóhun, kí á lè padà sílé. Ó wé òòlù rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, ó fi há abíyá. N kò mọ̀ pé òòlù náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun sọ fún wọn ní ibi iṣẹ́ pé ó sọnù.

Abẹ́ bíríìjì ni bóòtù náà wà, wọ́n gbé e sórí igi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà búlúù, òórùn ọ̀dà náà ṣì ń fín wa nímú. Bàbá tó ni ín jáde láti inú àgọ́ kan, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ funfun, ó kí wa dáadáa. Wọ́n ti rọ omi sínú dúrọ́ọ̀mù kan, ìdí ẹ́ńjìnì wà nínú omi náà kí wọ́n lè tan án fún wa. Kó tó fa okùn rẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé orí ẹ́ńjìnì náà bí mo ṣe máa ń gbé e lé iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Ó gbóná. Oòrùn ò sì dé abẹ́ bíríìjì.

Mo ní, “Bàbá, ẹ ti tan án kí á tó dé.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Háà, ìyàwó, ojú yín mà là o. Mo kàn ní kí n mú un gbóná dè yín ni. Nọ́ wàhálà.”

Mo ní kò burú, a máa dúró kó tutù. Ọkọ mi wò mí bí ẹni pé mo bú òun láàárín ọjà. A jókòó sórí pákó, à ń wo àwọn tó ń já igi sílẹ̀ lódìkejì. Nígbà tó tutù, bàbá fa okùn náà títí, ẹ́ńjìnì ń wúkọ́, kò dáhùn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí ara mi. Èmi tí mo wá wá àbùkù, mo ti di ẹ̀ṣẹ́, mo ń sọ nínú mi pé, Olúwa, jẹ́ kó tan. Ó tan. Ó tú èéfín díẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ balẹ̀, omi sì ń tú jáde láti ara rẹ̀ bó ṣe yẹ kó máa tú. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Mo rí eyín rẹ̀, eyín tí n kò rí láti ọjọ́ tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní nínú ọkàn mi pé kò burú, kó lọ kọ́ omi í wẹ̀, àgbà náà ń kọ́ ọ.

Ó wá tú òòlù rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìròyìn. Imú bóòtù ló ti bẹ̀rẹ̀. Pákó náà dún kó, ó ní, “Ó ń lọ.” Ó sún, ó kan òmíràn. “Ó ń lọ.” Mo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń le sí i bó ṣe ń lọ, ohùn ọkọ mi àtijọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi bọ́ lójú mi, mo yára nù ún. A dé ìdí bóòtù, níbi pákó tó nípọn tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnì kọ́. Ó kàn án. Ó dún pù, bí ẹni kan iṣu tó ti rà.

“Ó ń lọ,” ni ọkọ mi wí. Ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá.

Mo kọ́kọ́ rò pé etí rẹ̀ ti lọ ni, pé ìjókòó yẹn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ etí rẹ̀ náà. Ó dùn mí wọra. Mo ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní òòlù yẹn.” Kò fẹ́ yá mi, mo gbà á. Mo kàn án, pù. Mo sún ọwọ́ díẹ̀, pù. Mo wá fi orí òòlù tẹ ibẹ̀, ọ̀dà búlúù náà wọlé bí ẹni tẹ ẹ̀bà, omi pupa sì rú jáde, ó ń ṣàn lọ sílẹ̀. Bàbá tó ni bóòtù ń wo omi náà. Kò wo ojú mi.

Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún mi. Ibẹ̀ ni gbogbo ìwúwo ẹ́ńjìnì wà. Tó bá já láàárín ọ̀sà pẹ̀lú èrò nínú, ẹ́ńjìnì á bọ́ sómi, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé bá wọn.

Bàbá ní, “Wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹ̀ ni. Káfíńtà á gé e, á kan tuntun.”

Mo ní, “Bàbá, ká ní ọmọ yín ló fẹ́ máa wà á ńkọ́?”

Ó wá ibì kan jókòó sí, ó gbé ọwọ́ lé orókún. Ó ní, “Ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín, ìyàwó. Ó ti jẹrà wọ inú. Tí wọ́n bá gé e, kò sí pákó tó le lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n máa kan tuntun mọ́.” Ó tún ní, “Ilé lèmi náà fẹ́ lọ. Bóòtù yìí nìkan ni mo ní tí mo lè tà.”

Inú ò lè bí mi sí i. Mo kí i pé ó dàbọ̀, a sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a gun òkè sí ọ̀nà Costain, mo wá yíjú sí ọkọ mi. Mo ní, “Ṣé etí yín ti di ni?”

Ó ní, “Etí mi ò di. Mo ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá.”

“Kí lẹ wá ń wí pé ó ń lọ sí?”

Ó ní, “Mo ní bóyá ìwọ ò ní gbọ́. Tí ìwọ náà bá ti ní ó dára, n ó rà á.”

Inú kọ́kọ́ bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí ní títì, lójú gbogbo ayé. Mo ní, “Àwọn ìbejì ńkọ́?” Ó ní, “Mo rò wọ́n.” Ohun tó sọ náà nìyẹn. Ìbínú mi wá rọ̀ lọ, ohun tó kù kò lórúkọ. Ọkọ mi mọ̀ pé bóòtù yẹn máa rì, ó sì fẹ́ rà á, torí pé bí ó bá tiẹ̀ rì, ẹnu iṣẹ́ ló máa bá òun. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ohun tí a kì í ṣe lóde, mo ń fà á lọ sílé.

Ó jẹun díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tó ń wẹ̀. Mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wọlé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀, ó de okùn bàtà rẹ̀, ó ya irun rẹ̀, ó sì wá dúró síwájú mi.

Ó ní, “Ìyá Ìbejì, mo ti múra. Níbo ni kí n lọ?”