Obìnrin Mẹkáníìkì Inú Ọkọ̀ Òfuurufú

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, lọ́sàn-án Sátidé kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní Ìkọ̀lé. Òórùn òjé gbígbóná ló gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún ínfátà ṣe, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jó wáyà kan mọ́ ibi tó ti já ni, èéfín rẹ̀ ò sì tíì jáde tán lójú fèrèsé. Mo pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má bàa dí mi létí. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo tan rédíò inú rẹ̀, mo ṣí ìwé kan, mo kọ ọjọ́ àti aago sí i lókè. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń retí wákàtí yẹn. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bọ́ mọ́ mi létí.

“Ọkọ̀ Tó Rékọjá Òṣùpá” ni orúkọ eré náà. Eré orí rédíò ni, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nípa àwọn ènìyàn márùn-ún tí ọkọ̀ wọn ṣìnà nínú gbalasa òfuurufú, tí wọ́n ń ti orí pílánẹ́ẹ̀tì kan bọ́ sí òmíràn láti wá ọ̀nà padà wá sílé ayé. Yorùbá ni wọ́n ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wa bí Yorùbá ṣe dé ẹ̀yìn òṣùpá, àwa náà ò sì béèrè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mo ń gbé ní Àsin-Èkìtì lọ́dọ̀ àbúrò màmá mi, aránṣọ tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń pè ní Àǹtí. Lọ́jọ́ kan eré náà kàn dáwọ́ dúró, ọkọ̀ ò tíì délé. Ọdún yìí ni ilé iṣẹ́ rédíò kan kéde pé àwọn ń gbé e padà, pẹ̀lú àwọn òṣèré tuntun àti òǹkọ̀wé tuntun, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, bíi tèmi.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà bó ṣe wà, láì bu iyọ̀ sí i. Orin ìbẹ̀rẹ̀ ti yí padà. Ó dùn, ó yá ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò bani lẹ́rù mọ́. Ohùn ọ̀gá ọkọ̀ fúyẹ́, ó dà bíi ti ẹni tó ṣì ń bẹ̀rù àwọn tó ń pàṣẹ fún. Mo kọ́kọ́ kọ “kò dáa” síwájú orúkọ rẹ̀. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹwàá mo fagi lé e, torí ìtàn náà ṣàlàyé pé ọ̀gá àtijọ́ ti kú, ọmọ rẹ̀ ló jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ̀rù máa ba irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìró inú ọkọ̀ ló wù mí jù. Ilẹ̀kùn ń ṣí bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, ẹ́ńjìnnì kú. Mo fi bírò lélẹ̀, mo sún mọ́ fóònù, torí mo mọ ẹni tó kàn.

Nínú eré àtijọ́, bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, obìnrin mẹkáníìkì ni yóò wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Kì í fi ẹnu bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. “Ọ̀gá, ẹ gbẹ́sẹ̀ yín kúrò lórí páìpù yẹn kí n tó bínú o.” Bí kò bá sí irin, á fi gèlè rẹ̀ dí ibi tó ń jò. Bí wọ́n bá ní kó kíyè sára, á ní ara òun kọ́ ló bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé yẹn kò wá. Ọ̀gá tuntun ló tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ sì tún dáhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka orúkọ àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ tó wọkọ̀. Orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Èmi kì í sábà sọ ohun tó ń dùn mí. Nígbà tí mo fẹ́ lọ kàwé, wọ́n bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ iṣẹ́ injiníà ni mo mú, mo ní nítorí iná tí kì í dúró nílùú wa ni. Irọ́ ni. Nítorí obìnrin yẹn ni. Ọdún márùn-ún tí mo lò ní ọgbà yunifásítì tó wà ní Ìkọ̀lé níbí, ohùn rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ nígbàkigbà tí nǹkan bá sú mi.

Ẹgbẹ́ àwa olólùfẹ́ eré náà wà lórí Wásáàpù, a tó ogójì. Alága wa jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ní Ìdó. Èmi kì í kọ nǹkan síbẹ̀, mo kàn máa ń kà ni. Kí aago márùn-ún tó lù lọ́jọ́ náà, mo kọ ọ́ pé: “Wọ́n ti yọ obìnrin mẹkáníìkì kúrò. Ṣe ẹ̀yin náà kíyè sí i?” Ìgbà tí mo fi máa tún fóònù gbé, ọ̀rọ̀ ti di rẹpẹtẹ. Ẹnì kan ní, “Hàá! Mo rántí rẹ̀! Ohùn rẹ̀ nípọn bí ti ọkùnrin.” Ẹlòmíràn ní, “Ẹ ò rí i bí? Ọmọ àná ni wọ́n gbé iṣẹ́ àgbà fún.” Nígbà tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, alága ti kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ rédíò pé kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé náà, kí wọ́n fi ẹni tó mọ eré rọ́pò rẹ̀. Ó pè mí.

“Injiníà, ìwọ ni ẹlẹ́rìí wa o. Wọ́n ní o ní ìwé tí o kọ gbogbo rẹ̀ sí láti kékeré.”

“Mo ní in, sà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Buwọ́ lùwé fún wa. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa mú un lọ.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ eré náà fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí mi. Ó ti wà nínú ẹgbẹ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀, kò kàn sọ̀rọ̀ ni. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, apá wo ni obìnrin yẹn wà? Gbogbo ìwé eré tí wọ́n kó fún mi ni mo kà, mi ò rí i. Tó bá jẹ́ pé mo fò ó ni, mà á tún un ṣe. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé nìyí.”

Mo ka ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Mo fa ìwé àtijọ́ mi yọ nínú àpótí, mo sì rí obìnrin mi níbẹ̀: apá kejìlá, apá kẹẹ̀ẹ́dógún, apá kọkàndínlógún. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣí ojú ìwé, mo rí i pé ẹ̀rí kan ṣoṣo ni mo ní, ẹni kan ṣoṣo ló kọ ọ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì lẹni náà. Èmi tí mi ò ní jẹ́ kí ínfátà jáde ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé mo dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, ṣé mo fẹ́ fi èyí gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnì kan? Mo pinnu pé mi ò ní buwọ́ lu ohunkóhun àfi bí mo bá tún gbọ́ obìnrin náà sọ̀rọ̀. Mo dá ọ̀dọ́mọbìnrin náà lóhùn pé, “Mò ń yẹ̀ ẹ́ wò.” Mi ò ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alága fúnra rẹ̀ ló máa ń gba eré náà sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn lọ́hùn-ún, torí rédíò máa ń já gaara ní Ìdó. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà, rédíò tí òun fi ń gbọ́ wọn ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo mú sikirudiráfà àti rọ́bà tín-ín-rín mẹ́rin, mo wọ takisí lọ bá a. Rọ́bà tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì ló ti yọ́ bí oyin. Mo nu ojú rẹ̀ mọ́, mo fi òmíràn sí i. Bàbá jókòó tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi.

“Wò ó bí ọmọbìnrin ṣe ń tú rédíò! Obìnrin mẹkáníìkì wa gan-an lo dà.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi apá kejìlá sí i. Ohùn ọ̀gá àtijọ́ jáde. Ẹ́ńjìnnì kú. Àwọn márààrún bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ẹni tó jẹ̀bi, ẹnì kan gbàdúrà, ẹ̀rọ dáhùn, wọ́n ń bá ìrìn àjò wọn lọ. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ.

“Dá a padà,” ni alága wí.

Mo dá a padà. A tún gbọ́ ọ. A gbọ́ apá kẹẹ̀ẹ́dógún, a gbọ́ apá kọkàndínlógún dé ìparí. Obìnrin mẹkáníìkì ò sí níbì kankan.

“Ṣùgbọ́n mo rántí rẹ̀ o,” ni alága wí. “Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Kódà bó ṣe máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀.”

“Ìwúkọ́ kẹ̀, sà? Kò sí ìwúkọ́ nínú ìwé tèmi.”

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún. “Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa,” ló wí níkẹyìn. Mo sọ fún un pé èmi náà ò mọ̀.

Lórí ọ̀kadà tó ń gbé mi lọ sí Ẹ̀dá-Oníyọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó rántí nǹkan tí mi ò kà sí rí. Ní Àsin, rédíò wa kì í mú dáadáa. Bí eré bá ti dé àárín, ohùn wọn á rì sínú ariwo bí òjò tó ń lu páànù. Àwa ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àǹtí á wá na ọwọ́ sókè pé ká dákẹ́, á fi etí lé ẹnu rédíò, ojú rẹ̀ á le koko, á sì máa sọ ohun tí wọ́n ń sọ fún wa. A gbà pé etí rẹ̀ mú ju tiwa lọ ni. Ohun tó bá sọ ni mo máa ń kọ sílẹ̀, mi ò sì kọ ọ́ rí pé ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ló ń gbé báyìí pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Mo bá a lóko, ó ń da ọwọ́ iṣu sórí igi. Mo kí i pé ẹ kú uṣẹ́ o. Mi ò tíì jókòó tí mo fi béèrè.

“Àǹtí, nígbà tí ẹ máa ń fi etí lé rédíò, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ?”

Ó wò mí, ó wo ẹni tó gbé mi wá, ó tún wò mí. “Nítorí èyí lo ṣe wá láti Ìkọ̀lé láàárọ̀ yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Gbọ́ kí ni? Ariwo ni mò ń gbọ́ bíi tiyín! Ẹ ti fẹ́ máa sunkún ni. Bí mi ò bá sọ nǹkan, ta ló fẹ́ gbà mí lọ́wọ́ yín?”

“Obìnrin mẹkáníìkì ńkọ́?”

“Èmi ni mo dá a sílẹ̀.”

“Kí ló dé tó fi jẹ́ obìnrin?”

“Ta ló ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣe nígbà yẹn?” Ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. “Nínú ulé yẹn, ṣé o rí ọkùnrin kankan tó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀?”

Mi ò rí i. Òun ni mo rí, tí orí rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rọ, tó fi òwú so ibi tó yẹ kí nọ́ọ̀tì wà, tó ń bá irin jà lẹ́nu. Mo sọ fún un pé torí obìnrin yẹn ni mo ṣe kàwé injiníà. Ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Ọdún márùn-ún! Torí irọ́ tí mo pa kí ẹ má bàa sunkún!” Lẹ́yìn náà ló mú okùn iṣu míràn, kò sì yíjú sí mi. “Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ,” ló wí.

Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ebè yẹn, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan kú tí mi ò lè sin. Ṣùgbọ́n lẹ́tà alága ń lọ lọ́jọ́ kejì, mi ò sì ní àyè láti máa káàánú ara mi. Mo rìn lọ sí etí ọ̀nà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, mo kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ pé: “Àṣìṣe mi ni. Obìnrin mẹkáníìkì ò sí nínú eré àtijọ́ rí. A gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, mo sì rí ẹni tó dá a sílẹ̀, mo bi í léèrè. Òǹkọ̀wé tuntun ò yọ ẹnikẹ́ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo yín.”

Kò rọrùn bí mo ṣe rò. Ẹnì kan ní wọ́n ti fi nǹkan dí mi lẹ́nu. Ẹnì kan ní kí n lọ wádìí dáadáa, torí òun ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo wọn: apá wo? Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ló gbin obìnrin náà sí wọn lọ́kàn. Nígbà tó yá, alága ya fọ́tò lẹ́tà náà sí ẹgbẹ́. Ó ti fà á ya sí mẹ́rin.

Láti ìgbà yẹn, tí mo bá fẹ́ sọ pé mo rántí nǹkan, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé ṣé mo rí i ni, tàbí ẹnì kan ló sọ ọ́ fún mi. Kì í ṣe pé mo fojú tín-ín-rín ohun tí wọ́n sọ fún mi. Obìnrin tó mú mi kàwé kò sí lẹ́yìn òṣùpá, yàrá kan náà la jọ ń sùn, mi ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí títí di ọjọ́ iṣu yẹn. Eré tuntun náà ńkọ́? Mo gbọ́ apá kejì, mo kọ “ó ń dára sí i” sí i, mo sì gbà pé ìdájọ́ mi àkọ́kọ́ ti yá jù. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò gbọ́ nípa lẹ́tà náà, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n sọ fún ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn, bí wọ́n bá sọ nǹkan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ìparí apá kẹta, ní aago mẹ́rin àbọ̀ Sátidé, wọ́n ka orúkọ àwọn tó ṣe eré náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì pè pé ó kọ ọ́.