Òpó Tí Délé Fẹ́ Yí Ká

Ọjọ́ tí èmi àti Délé, ọmọ àbúrò ìyá mi, fi ọkọ̀ ojú omi díje nínú ọyẹ́ ni n kò lè gbàgbé láéláé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, mo wá sílé ní Abereke, ìlú wa létí òkun.

Ní àárọ̀ ọyẹ́, ìgbádùn àwa ọ̀dọ́ ni kí a wa ọkọ̀ yí òpó tí àwọn apẹja fi ń so àwọ̀n lójú òkun ká, kí a sì sáré padà wá yáná níbi ẹja yíyan. Òtútù mú mi, síbẹ̀ inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín.

"Gírádúéètì, ṣé o ṣì lè wa ọkọ̀?" Délé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

A kò tíì dé ibi òpó tí ìkùukùu fi bo òkun. Ìyá Délé bẹ̀rẹ̀ sí í lu abọ́ irin létí omi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí ará ojú omi lè mọ ọ̀nà ilé. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí.

"Délé, jẹ́ ká padà!"

"Ojo! Máa lọ. Jẹ́ n yí òpó ká ná!"

Mo tẹ̀lé ìró abọ́ náà dé èbúté. Lọ́sàn-án, àwọn tó wá Délé lọ fa ọkọ̀ rẹ̀ nìkan bọ̀.

Ìkùukùu ti ká, a ń rí òpó kedere, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ṣì ń lu abọ́.

Màmá mi ní, "Ìyá Délé, ó tó."

"Bí mo bá dákẹ́, báwo ni yóò ṣe mọ̀nà?"

Ìbànújẹ́ bá mi. Inú mi tún dùn pé mo yè, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Nígbà tí ọwọ́ Ìyá Délé kò gbé igi tó fi ń lu abọ́ mọ́, mo gbà á, mo ń lu abọ́ náà lọ.