Ogún Ìṣẹ́jú

Òfin kan ṣoṣo ni Tíṣà ní nínú kíláàsì àgbàlagbà tó ń kọ́ ní ọ̀sán Sátidé, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn: gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó o bá mú wá gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ inú ayé rẹ. “Ẹni tó bá fi irọ́ kọ́ èdè, irọ́ ni yóò máa fi èdè náà pa.” Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí gbólóhùn tó ń sọ ohun tí wọ́n ṣe àti bó ṣe pẹ́ tó, láìdárúkọ ẹni tó ṣe é. Ó kọ ọ́ sójú pátákó: The shop was closed for two days. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù náà pa fún ọjọ́ méjì.

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó ní wọ́n fi òun sórí ìlà ní báǹkì fún wákàtí márùn-ún.

“Ìyẹn mà kéré o,” ni ìyá aránṣọ dá a lóhùn. “Ìyàwó rẹ ti pa ẹ́ tì fún ọdún mẹ́rin, o ò mú ìyẹn wá!”

“Ìyá aránṣọ, kíláàsì la wà, a ò sí ní kóòtù!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi ń mì.

Alágbàfọ̀, obìnrin kan, ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló ti ń wá, iwájú ló sì máa ń jókòó, pẹ̀lú ọwọ́ tí ọṣẹ ti jẹ láwọ̀. Láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ wọlé, Tíṣà kì í wo ìlà iwájú mọ́ tó bá ń kọ́ni.

Obìnrin náà tú ìwé kan jáde nínú ọ̀rá. “Tèmi rèé, Tíṣà. Ilé ìwé tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn ló fún mi, lọ́dún tí ọmọ mi kú. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń bẹ ènìyàn kí wọ́n bá mi kà á.”

Ó fi ìka tẹ̀ lé e: The girl was kept in the store for twenty minutes. Ó túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀: “Wọ́n fi ọmọbìnrin náà sínú yàrá ẹrù fún ogún ìṣẹ́jú.” Kò ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. “Ṣé òótọ́ ni?”

Tíṣà yíjú sí pátákó.

“Torí pé lọ́jọ́ yẹn, ọmọ aládùúgbò sáré wá sọ fún mi pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi, pé ó pẹ́ dé ilé ìwé. Mo ní kí wọ́n kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Aṣọ ibùsùn ni mo ń sá lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa wá pè mí, ó ti gbẹ, mo ti ká a. Aṣọ ibùsùn kì í gbẹ ní ogún ìṣẹ́jú, Tíṣà.”

Ọmọ tí èémí máa ń há ni. Ọwọ́ Tíṣà ló ti ilẹ̀kùn náà. Àpò rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà nígbà tó yà sí ìpàdé àdúrà, tó sì gbàgbé. Ó wà lórí eékún, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó ṣílẹ̀kùn fún òun. Ọmọ náà ń kan tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé yìí tí ọ̀gá ilé ìwé buwọ́ lù. Ó gbà pé Ọlọ́run kì í tòògbé. Ohun tí kò tíì láyà láti bi í ni pé, ohùn ta ló ń gbọ́ lọ́jọ́ náà?

Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: The girl was kept in the store for three hours by me.

Alágbàfọ̀ kà á díẹ̀díẹ̀, bó ṣe kọ́ ọ. “Wákàtí mẹ́ta.” Ó wo Tíṣà lójú. “Ẹ̀yin.”

Títí dé ibẹ̀, kò pè é ní “ìwọ”.

Onígbàjámọ̀ rọra dìde, ó mú àkísà láti nu pátákó, bí ẹni tó fẹ́ da aṣọ bo òkú.

“Ẹ má nù ún,” ni obìnrin náà wí. Ó yí ìwé ilé ìwé náà sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣófo, ó na ọwọ́ sí ìyá aránṣọ fún báírò. “Mi ò tíì dà á kọ.”